Bí Ìgbín Bá Fà: Ọjọ́ Mẹ́fà Nínú Ọkọ̀, Láti Ìkirè Dé Iléṣà

Ọjọ́ Kìíní: Ọjọ́ Ajé, Ìbàdàn sí Ifẹ̀

Ìgbín la sọ ọkọ̀ wa. Hiace àtijọ́ ni, òun ni Bàbá Ìbejì fi kó ọmọ ilé-ìwé fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí àwọn ìbejì wọ yunifásítì, tí ilé dá páropáro, ó tú gbogbo ìjókòó inú rẹ̀ síta, ó kan bẹ́ẹ̀dì pákó síbẹ̀, ó na nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, ó gbé sólà kan lé òrùlé, ó ní ká máa lọ. Mo ní ibo? Ó ní ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ẹ ò mọ ọkùnrin yìí. Bí wọ́n bá ń jà nínú fíìmù, tí gbogbo ilé ń pariwo, ògiri tó wà lẹ́yìn àwọn tó ń jà lòun ń wò. "Ìyá Ìbejì, mo mọ òpó iná yẹn." Bí a ṣe ń wo fíìmù nílé wa nìyẹn láti ọdún tí a ti fẹ́ra.

Epo lítà ogójì gba 36,800 náírà lọ́wọ́ wa n'Íbàdàn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la gbéra, kí tirélà tó gba títì.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa gbà pé ilé ni ọkọ̀ wa. Láti Ìwó Road títí dé Aṣèjìrẹ́ làwọn èrò ń nawọ́ sí wa. "Ifẹ̀! Ifẹ̀ ni?" Bàbá Ìbejì á mi orí, wọ́n á bú u. Nígbà tí a yà sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìkirè, màmá kan ti ṣí ilẹ̀kùn, ó ti gbé àpò gààrí kan lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kó tó rí ìkòkò ọbẹ̀ mi lórí sítóòfù. Ó wo ìkòkò, ó wò mí. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé yàrá oníyàrá ni."

Kí ló gbé wa dúró ní Ìkirè bí kò ṣe dòdò? Dòdò Ìkirè yàtọ̀ sí dòdò tí ẹ ń jẹ mọ́ ìrẹsì. Àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn ì bá ti gbé sọ nù, ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń bù sínú epo pupa gbígbóná. Ó máa ń dúdú, ó máa ń dán, epo á sì máa yọ létí rẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Àkọ́jẹ rẹ̀ dùn bí oyin, ata á wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n rán wá gbẹ̀san. Ti 500 náírà tí a rà tó ẹni méjì. Ẹ wá ẹni tí iná rẹ̀ ṣì ń jó lójú yín, ẹ má ra èyí tó ti sùn nínú ọ̀rá láti àná.

Ní Gbọ̀ngán, Bàbá Ìbejì tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ń kí Saro, ahunṣọ inú *Aníkúlápó* tó ní Gbọ̀ngán lòun ti wá. Bí ẹ bá jẹ́ irú èèyàn bíi tiwa, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ní Gbọ̀ngán láti wá ààfin inú fíìmù yẹn kiri o. Abúlé tí Kúnlé Afọláyan, olùdarí fíìmù náà, kọ́ fún iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìgbòjáyè lọ́hùn-ún, ní Òkè-Ògùn. Ọ̀nà ibẹ̀ kò bá tiwa mu rárá, ìrìn-àjò mìíràn nìyẹn.

A sun ọgbà ilé epo kan ní Ifẹ̀. A fún ọlọ́dẹ ní 1,000 náírà àti dòdò mẹ́rin. Ó bèèrè bóyá òun lè fi fóònù sí iná sólà wa. Fóònù mẹ́ta ló kó wá, ọ̀kan péré ló jẹ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Kejì: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú ọgbà yunifásítì

Ọdún 1995 ni mo jáde níbí. Mi ò sọ fún Bàbá Ìbejì pé àyà mi ń já bí a ṣe ń sún mọ́ géètì. Gáàdì ní ká ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó yọjú, ó sì pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo pílò mi. "Mọ́mì, inú ẹ̀ lẹ ń sùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ̀yin àti Dádì?" Mo ní ta ni kó tún sùn síbẹ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ mẹ́rin fi tò sẹ́yìn wa.

Ẹni tí kò bá tíì wọ ọgbà yìí rí, ẹ jẹ́ kó ti géètì fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kó tó wọkọ̀. Ọ̀nà yẹn gùn, igi ló wà ní ọ̀tún àti òsì, òkè sì dìde lẹ́yìn wọn. Ọdún 1962 ni yunifásítì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìbàdàn ló sì wà nígbà náà. Ọdún 1967 ló kó wá sórí ilẹ̀ yìí. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà náà. Ẹ lọ wo ilé àwọn ẹ̀ka Humanities, ẹ ó rí i pé ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n dorí rẹ̀ kodò: àjà òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ṣíji bò ó, òjò kò lè fẹ́ wọlé, oòrùn kò lè ta ẹni tó wà nísàlẹ̀ lójú. Nígbà tí mo wà níbí, ojú lásán la fi ń wò ó, a ò mọ̀ pé ọgbọ́n kan wà nídìí rẹ̀. Òjò la mọ̀ pé kò pa wá.

Fíìmù tó gbé wa wá ni *Citation*, ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde ní 2020. Wọ́n yà á ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Cape Verde pẹ̀lú, àmọ́ ọgbà Ifẹ̀ ló jẹ́ tiwa. Temi Ọ̀tẹ́dọlá ló ṣe akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí olùkọ́ fẹ́ fi ipá bá lò pọ̀, tó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Jimmy Jean-Louis ló ṣe olùkọ́ náà. Obìnrin tó bá ti jókòó ní kíláàsì gbọ̀ngàn rí, ibikíbi tó wù kó jẹ́, kò ní wo fíìmù yẹn kó máa jẹ gúgúrú. Èmi ò lè jẹ gúgúrú.

A ti gba fíìmù náà sórí fóònù n'Íbàdàn. Ìmọ̀ràn tí mo lè fún yín nìyẹn: ẹ gbà á sílẹ̀ nílé, torí dátà tí ẹ ó fi wá ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fẹ́ á tó owó oúnjẹ. Báyìí la ṣe ń ṣe é: Bàbá Ìbejì á dá fíìmù dúró, á gbé fóònù sókè, á fi ojú kan wo fóònù, á fi ojú kejì wo ilé, á rìn sẹ́yìn, á rìn síwájú, á ní, "Rárá, igi yẹn ti kéré jù." Lórí ọ̀rọ̀ igi yìí, a jiyàn. Mo ní igi ń dàgbà. Ó ní kì í ṣe irú igi yẹn.

Kò pẹ́ tó fi ní kí n wá rìn bí ọmọ inú fíìmù. Mo ní mi ò rìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé àpò sẹ́yìn, ní, "Mọ́mì, ẹ rìn, èmi á yà yín." Bí mo ṣe rìn nìyẹn, èmi ìyá arúgbó, pẹ̀lú gèlè àti sálúbàtà, lábẹ́ ilé tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ọmọ yìí yà á, ó wò ó, ó ní, "Mọ́mì, ẹ tún un ṣe, ẹ ò bínú tó." Lẹ́ẹ̀kejì, mo bínú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó sìn wá dé búkà lẹ́yìn náà. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹran kan, 1,800 náírà. Ó kọ̀ kí a san tirẹ̀. A fi ọgbọ́n san án.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó nìkan lójú àtẹ̀gùn gbàgede eré tó so mọ́ Gbọ̀ngàn Odùduwà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ́ni nínú ọgbà yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ *Kòṣeégbé*, *Ó Le Kú* àti *Ṣaworoidẹ*, tí Túndé Kèlání sọ gbogbo wọn di fíìmù. Orí pátákó ìkọ̀wé ni ọ̀pọ̀ nínú Yorùbá tí à ń gbọ́ lójú amóhùnmáwòrán wa ti kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀. Bàbá Ìbejì ń wọn igi kan pẹ̀lú ìgbésẹ̀ lápá ọ̀hún. N kò pè é.

A jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Kẹta: Ọjọ́rú, nínú ìlú

Òjò oṣù Bélú tí gbogbo ayé ní ó ti lọ dé ní aago mẹ́rin ìdájí. Ibi tí Bàbá Ìbejì ti lu ihò fún ìdè sólà ló gbà wọlé, ó kán sí mi níwájú orí ná, ó wá di ẹkún. Fóòmù mu omi bí ẹní pòǹgbẹ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, a wakọ̀ kiri pẹ̀lú fóòmù lórí òrùlé bí àwọn tí onílé lé jáde.

Ìyá alákàrà kan lẹ́bàá Ìrẹmọ ló ké sí wa. Kò bèèrè ibi tí a ti wá. Ó ní, "Ẹ gbé e wọlé, ẹ sá a sórí ògiri mi, oòrùn yóò débẹ̀ ní aago mẹ́wàá." Ó fún wa lómi kànga, a wẹ̀, a fọ aṣọ. Mo ra àkàrà 2,000 náírà, ó fi èénì mẹ́fà lé e. Nígbà tí mo sọ pé ó ti pọ̀ jù, ó ní ṣé èmi ni màá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tajà ni.

Níwọ̀n ìgbà tí fóòmù ń gbẹ, a rìn lọ sí Ẹnuwá. Mọrèmi mẹ́ta ni mo ti mọ̀ ní Ifẹ̀ báyìí. Ti àkọ́kọ́ ni gbọ̀ngàn Mọrèmi, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí mo gbé. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ọmọ inú fíìmù, torí Mọrèmi lorúkọ tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ yẹn nínú *Citation*. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni ère tí wọ́n ṣí ní 2016, ẹsẹ̀ bàtà 42 ní gíga, tí ọrùn yóò fi dùn yín bí ẹ bá fẹ́ rí ojú rẹ̀.

Ẹ mọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ará Ugbò ń wọ Ifẹ̀ pẹ̀lú ìko lára láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn èèyàn rò pé ẹbọra ni wọ́n, wọ́n ń sá. Mọrèmi jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó lọ gbé àárín wọn, ó sì rí i pé èèyàn bíi tiwa ló wà nínú ìko, àti pé iná ni ìko ń bẹ̀rù. Bàbá Ìbejì dúró lábẹ́ ère náà, ó ní, "Ṣé o rí i? Òun ló kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn aṣọ eré." Mo ní kó má fi ara rẹ̀ wé Mọrèmi. Mọrèmi fi ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́, òun kò tíì lè dí ihò ọkọ̀.

A yà wo Òpá Ọ̀rànmíyàn náà, òkúta tó ga tó mítà 5.5, tí wọ́n to ìṣó irin sí lára. Ẹ lọ láàárọ̀, ojú oòrùn dára fún fọ́tò nígbà náà. A fi gọ́ọ̀mù àti rọ́bà dí òrùlé, a sùn fọnfọn.

Ọjọ́ Kẹrin: Ọjọ́bọ̀, Ifẹ̀ sí Iléṣà

Ọ̀nà yìí kò jìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jẹ́ kó jìn. Ó jáde sójú títì pẹ̀lú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó ní ká san owó èrò. Bàbá Ìbejì ní a ò gbérò. Ó ní gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì ní bóyá kó wò ó. Ó ní òun ò wo nǹkan kan, owó lòun fẹ́ wò, ó sì lóṣòó síwájú ọkọ̀. Ó lóṣòó ní ti gidi! Mo rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń tà láwìn kiri, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí wọn yóò fi gbowó. Ṣé a ti wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni? A ò tíì dé Òṣú.

Mo bá yọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo wé ìró, mo ń bó ọsàn, aṣọ inú mi sì wà lórí okùn nítorí òjò àná. Ọmọ náà dìde, ó wò, ó yíjú kíákíá.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi."

Ó jẹ́ ká lọ. Mo fún un lọ́sàn.

Oṣù kòkó la wà. Láti Òṣú lọ, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé ló ní tapólì tí wọ́n sá kòkó sí, òórùn rẹ̀ kíkan ń wọ ọkọ̀, tó dà bí ẹmu tó ti di àná. Ọsàn mẹ́wàá, 1,000 náírà. Ẹ rà á lọ́nà, kó tó dé ìlú.

Iléṣà: ìró odó ló kí wa. Aago méjìlá ọ̀sán, ọmọbìnrin méjì ń gún iyán nínú odó kan, ọmọ odó ń lọ sókè ń sọ̀ kalẹ̀, tiwọn kò pàdé ara wọn. Iyán ẹyọ kan 700 náírà, ẹran ìgbẹ́ 2,000. Bàbá Ìbejì jẹ mẹ́rin. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìjọsìn kan gbà wá sínú ọgbà, wọn kò gba kọ́bọ̀, wọ́n kàn bẹ̀ wá pé ká má dáná lẹ́yìn ìsìn alẹ́.

Ọjọ́ Karùn-ún: Ọjọ́ Ẹtì, Iléṣà

Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ya fíìmù la wá wò níhìn-ín. Èèyàn la wá wò, ó sì ti lọ. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n bí ní 1936, Iléṣà ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà 2018. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ kò nílò kí n ṣàpèjúwe rẹ̀: férémù awò ojú tí kò ní gíláàsì, táì tó fẹ̀ bí apá ẹyẹ, aago ńlá. Olórin ni kó tó di aláwàdà, abẹ́ rẹ̀ sì ni Sunny Adé ti ta gìtá rí.

Nínú ọjà Atákúnmọ́sà, mo ń ra ata lọ́wọ́ ìyá kan, a dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ Bàbá Sàlá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin máa ń bá àwọn onífíìmù rìn láyé ọjọ́un. Ó ní ká dúró, ó gbé ata fún ọmọ rẹ̀, ó mú wa lọ.

Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rédíò ní etí. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Ó bèèrè ohun tí a ń wá, Bàbá Ìbejì sọ fún un: a ń lọ kiri nínú ọkọ̀, a ń sun inú rẹ̀, a ń wá ibi tí wọ́n ti ya fíìmù.

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì tètè dákẹ́.

"Inú ọkọ̀ làwa náà ń sùn. Ọdún méje! Kò sẹ́ni tó ń fi fíìmù sílẹ̀ fẹ́lòmíràn nígbà yẹn, ẹni tó ni ín ló ń bá a rìn. Ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀, aṣọ funfun, fíìmù, gbogbo ẹ̀ inú ọkọ̀ kan. Orí páálí fíìmù lèmi ń sùn, kí wọ́n má baà jí i. Lónìí Iléṣà, lọ́la Ìkàrẹ́, ọ̀tunla Ọ̀wọ̀." Ó wo Ìgbín lójú ọ̀nà. "Tiyín tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì."

Mo bi í nípa *Ọ̀run Móoru*. Ojú rẹ̀ yí padà. Ọdún 1982 ni fíìmù yẹn, Bàbá Sàlá ná owó tó pọ̀ lé e lórí, àwọn olè sì dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kó tó rówó rẹ̀ pa. Gbèsè rẹ̀ kò kéré. Bàbá kò tún ìtàn náà sọ, ó kàn ní, "Ẹni tó sùn lórí páálí mọ ohun tó ń ṣọ́."

Ó ní kí aya rẹ̀ gbé nǹkan kan wá. Páànù róbótó kan ni, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ìpẹtà ti jẹ etí rẹ̀, ara rẹ̀ sì ní ibì kan tí wọ́n ti lẹ bébà mọ́ rí. Páànù fíìmù! Bàbá Ìbejì gbà á lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ó ṣí i. Abẹ́rẹ́, òwú dúdú, òwú funfun, bọ́tìnnì, síìpù kan tó ti bàjẹ́. Mo gbóòórùn rẹ̀, kánfọ̀ nìkan ló ń rùn. Màmá ní, "Ẹ má da bọ́tìnnì mi nù o."

Bàbá wá sọ ohun tí n kò tíì gbàgbé di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní, "Ẹ̀yin ń wá ibi tí wọ́n ti yà á. Àwa, ibi tí wọ́n á ti wò ó là ń wá."

Ó ní òun á fi ọ̀kan hàn wá. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni, páànù òrùlé rẹ̀ ti ṣí lápá kan. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju àga mẹ́ta àti ẹ̀fúùfù lọ. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sókè lára ògiri iwájú: ìṣó ńlá méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tí wọ́n ti kùn mọ́ ara ògiri lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láìyọ wọ́n. Ibẹ̀ ló ń so aṣọ funfun mọ́. Ó ní àwọn ọmọdé máa ń gun fèrèsé, àwọn tí kò rówó san á lọ sẹ́yìn ìta, wọ́n á máa gbọ́ ẹ̀rín.

Bàbá Ìbejì, tó ti ń wo ògiri ẹ̀yìn fíìmù láti ọdún tí a ti fẹ́ra, dúró níwájú ògiri yìí, kò gbé fóònù sókè. Mo ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó fà á lápá.

Lálẹ́, ó bá mi tò ó lẹ́sẹẹsẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọlá Balógun ló darí *Ọ̀run Móoru*. Òun náà ló darí *Àjàní Ògún* ní 1976, tí Adé Love ṣe olórí eré nínú rẹ̀. Adé Love ló bí Kúnlé Afọláyan. Kúnlé ló gbé kámẹ́rà wọ ọgbà tí mo ti jáde. "Okùn kan náà ni, Ìyá Ìbejì." Mo ní kó pa iná, ẹ̀fọn ń wọlé.

Ọjọ́ Kẹfà: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ò dé Ìlárá

*October 1*, tó jáde ní 2014, ló yẹ ká fi parí rẹ̀: ìtàn ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá sí ìlú Akótè láti wá apànìyàn, nígbà tí òmìnira 1960 ku díẹ̀. Kò sí ìlú tó ń jẹ́ Akótè. Ìlárá-Mọ̀kín àti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà Àkúrẹ́ láti Iléṣà ló sì gba ibẹ̀ lọ. Ìrìn àárọ̀ kan péré ni, ká jẹun ọ̀sán níbẹ̀, ká padà.

A kọjá Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà. Mo ní ká yà wo omi Olúmirìn tó ń já láti orí àpáta, ó ní àbọ̀ ni ká fi ṣe. Òkè kan ló wà níwájú, Ìgbín ń gùn ún, ń mí, ń gùn ún. Ooru jáde lábẹ́ ìjókòó. Èéfín funfun bo gíláàsì. Họ́ọ̀sì rédíétọ̀ ti ya.

Mo rántí ìlànà tí mo máa ń pa fún àwọn ìbejì: bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ o, ẹ dúró kó tutù. Bàbá Ìbejì mọ̀ ọ́n jù mí lọ, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Mo gbá ọwọ́ náà.

Màmá kan tó ń da kòkó lójú tapólì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú garawa omi kan lórí. Kò tíì mọ ohun tó ṣe wá, omi ló kọ́kọ́ gbé. Ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti inú oko. Ọmọ náà wo họ́ọ̀sì, ó ní ti tuntun kò sí nítòsí, ó wọlé, ó mú rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan wá. Ó fi ọ̀bẹ kòkó là á gbọọrọ, fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka méjì, gígùn rẹ̀ ju apá mi lọ. Ó fi eyín di etí kan mú, ó fà á títí tó fi tín-ín-rín, ó ń wé e mọ́ ojú ibi tó ya, ìwé kan lé èkejì ní ìdajì, bí wọ́n ṣe ń wé ọwọ́ tó ṣẹ́. Ìwé mẹ́rìnlá, mo kà á. Ó fi wáyà dè é lórí àti nísàlẹ̀. A da omi sí i. Kò jò. Ó ní ká má dé ìdérí pa pinpin, kí agbára omi má baà tún un fọ́, ká rọra máa lọ, ká dúró bu omi sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Sí Iléṣà ni o. Ó ní bó bá jẹ́ Ìlárá, òun ò fọwọ́ sí i.

Ó kọ̀ láti gbowó. Bàbá Ìbejì ki 5,000 náírà bọ ìsàlẹ̀ tapólì. Ẹ máa mú rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dání bí ẹ bá ń bọ̀. Kò wúwo, kò sì ná wa ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n a ò ní in.

A ti fẹ́ gbéra nígbà tí màmá jáde láti inú ilé. Ó ti wọ bùbá mìíràn, ó gbé àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó fi okùn so adìẹ kan lẹ́sẹ̀. Ó ní ọmọ òun obìnrin bímọ n'Íléṣà ní ìjẹrin, ó ti ń wá ọkọ̀ láti àárọ̀, gbogbo wọn ló kún. "Ṣé Iléṣà lẹ ń lọ ṣá?"

Láti Ìbàdàn la ti ń mi orí. Bàbá Ìbejì wò mí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́.

Màmá gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti wọlé. Ó rí bẹ́ẹ̀dì, ó rí àwo, ó rí okùn aṣọ. Ó dá ẹsẹ̀ padà sílẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ gbọ̀n wọ́n kí eruku wọn lọ, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. "Ẹ kú ilé o," ó wí, ó sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú adìẹ rẹ̀ lórí itan.

Nígbà tí a dúró bu omi lẹ́ẹ̀kejì, ó tú etí ìró rẹ̀, ó bèèrè pé, "Èló lowó ọkọ̀?"

Mo ní, "Rárá, mà, a kì í gbérò."

Láti iwájú, Bàbá Ìbejì ti yọ orí síta fèrèsé. Àwọn méjì kan ló ń nawọ́ sí wa lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, òun náà sì ti ń ké sí wọn: "Iléṣà! Iléṣà méjì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o, kẹ́ ẹ sì bọ́ bàtà!"